Ẹ Má Dí Imú Rẹ̀

…àbí rọ́bà tó wà lápá òsì ni ọ̀fun? Ó sọ ọ́ fún mi. Ó sọ ọ́, ó tún un sọ láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù fún un, mo sì dáhùn pé mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́. Abọ́ ògì ni mò ń wò nígbà tó ń sọ̀rọ̀, mò ń wò ó bóyá ojú rẹ̀ ti ń dì.

Rọ́bà mẹ́ta. Táǹkì kan tí kò tóbi ju ìgò oyin kékeré lọ, ìdérí kan, rọ́bà mẹ́ta tó gba inú ìdérí náà wọlé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọmọ mi ní Bódìjà, bàálù ìṣeré kan wà níwájú mi lórí tábìlì, ikùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, mo sì ń wá ọ̀fun rẹ̀. Èmi. Obìnrin tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ẹnìkan bá rí mi láti ojú títì… kò sí ẹni tó ń wò mí. Àwọn kẹ̀kẹ́ ń gbé èrò lọ sí ọjà, wọ́n ń gbé àpò gààrí bọ̀. Kò kàn wọ́n.

Fèrèsé yàrá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn mi. Mo ṣí i sílẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nìkan ló wà láàárín wa, kí n lè máa gbọ́ ọ bó bá… kí n lè máa gbọ́ ọ. Mánsúrù, ọmọ mi. Àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ sínú. Dókítà fi ìka fa ìlà sí àyà ara rẹ̀ láti fi ọ̀nà tó gbà hàn mí, bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà Ṣàngó fún àlejò. Omi pàápàá ń ni ín lára láti gbé mì báyìí. Ó ti di ọjọ́ mélòó kan tí kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá ètè rẹ̀, àfi omi tí Ramlah, ìyàwó rẹ̀, ń fi òwú tó sí i lẹ́nu.

Bí mo bá rọ epo kún táǹkì yìí, yóò mu ògì. Àdéhùn wa nìyẹn.

“Màmá, ẹ bá mi so rọ́bà bàálù yẹn. Ẹ rọ epo kún un. Tó bá ti kún, màá mu ògì yín.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

“O ò sì ní bì í?”

“Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi, Màmá.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ẹ̀rín náà là á. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí, mo sì mọ irú ọmọ tí mo tọ́. Láti ìgbà tó ti gbọ́ èdè ni mo ti sọ fún un pé ẹni tó ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, òpùrọ́ ni, kò sí orúkọ mìíràn fún un. Kò ba àdéhùn jẹ́ rí. Nítorí náà mo gbé abọ́ ògì jáde wá síbí, mo gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi àwo dé e. Ó ṣì gbóná. Kí n yára.

Ọ̀fun. Mo ní kí n yára.

Ìwé kan bá táǹkì náà wá nínú ọ̀rá. Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo mọ Gẹ̀ẹ́sì kà. Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jókòó sí kíláàsì àgbà l'Ágbówó, láàárín àwọn obìnrin tó pọn ọmọ sẹ́yìn, mo sì kà á títí mo fi dẹni tó ń dúró níwájú kíláàsì. Mi ò bẹ̀rù ìwé. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì inú èyí yàtọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn nǹkan tí n kò rí rí, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé mo ti mọ̀ wọ́n. Mánsúrù rí ojú mi. Ó ní kí n ká ìwé náà, kí n gbé táǹkì súnmọ́ òun lórí bẹ́ẹ̀dì.

“Bí èèyàn ló ṣe rí, Màmá. Èyí ni ẹnu ẹ̀, ibẹ̀ lepo ń gbà wọlé. Èyí ni ọ̀fun, òun ló ń gbé epo lọ bá ẹ́ńjìnnì. Èyí sì ni imú.”

“Kí ni bàálù fẹ́ fi imú ṣe?”

“Kó máa fi mí ni. Bí epo ṣe ń wọlé, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ jáde. Tó bá ti yó, epo fúnra ẹ̀ máa gba imú jáde. Ẹ máa rí i. Á sọ fún yín.”

Lẹ́yìn náà ló ní kí n fi pégì aṣọ dí ọ̀fun nígbà tí mo bá ń rọ ọ́, kí epo má baà sá lọ bá ẹ́ńjìnnì kó tó yẹ. Ó sì ní… Ó ń kó èémí jọ. Ó ní, “Imú ni kí ẹ má dí. Màmá, ẹ má dí imú ẹ̀.” Ó tẹjú mọ́ mi nígbà tó sọ ọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ti gbé abọ́ lọ́wọ́ nígbà náà.

Òjé. Bẹ́ẹ̀ ni, òjé ni mo máa fi dá a mọ̀. Òjé kékeré kan wà lórí rọ́bà ọ̀fun nínú táǹkì, òun ló ń fa rọ́bà náà tọ epo lọ síbi yòówù tí bàálù bá tẹ̀ sí. Bí bàálù bá kọrí sókè, epo á sá sẹ́yìn, òjé á tẹ̀ lé e. Bó bá dorí kodò, òjé á wá a kàn. Mo mi táǹkì. Ó ń dún kọ́, kọ́. Ti àárín nìyí. Ti àárín ni ọ̀fun, kì í ṣe ti òsì. Ti òsì tẹ̀ sókè nínú táǹkì títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè pátápátá. Imú nìyẹn. Kò gbọdọ̀ wọ inú epo. Èyí tó kù ni ẹnu.

Ó yé mi wàyí. Ohun tí kò yé mi ni ìdí tí mo fi ń ṣe é.

Nítorí ògì ni. Mo mọ ìdí rẹ̀. Kí n má ṣe ara mi bí ẹni tí kò mọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò wúlò ni. Mi ò fi pamọ́ fún un rí. Ọkùnrin tó ti gbéyàwó, tó ń ṣiṣẹ́ gidi, kó máa gbé bàálù ìṣeré lọ sí pápá lọ́nà Ọ̀jọ́ọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Surajudeen, kí wọ́n máa dúró sínú oòrùn, kí wọ́n máa gbójú sókè bí adìyẹ tó ń mumi.

“Ìgbà wo lo máa dàgbà, Mánsúrù?”

“Mo ti dàgbà, Màmá. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè rà á.”

Ó ní kí n wá wò ó lọ́jọ́ kan. Ó ní tó bá gbéra nílẹ̀, èmi náà á gbàgbé pé ìṣeré ni. Mi ò lọ. Mo ní ọjọ́ tí mo bá fẹ́ wo bàálù, mo mọ ọ̀nà pápákọ̀ òfuurufú. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mi ò ṣàwàdà.

Epo náà tún wá. Mo ṣí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀, òórùn rẹ̀ gbá mi nímú, ó sì rán mi létí ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e wọlé.

“Ṣé ọtí ni mò ń gbóòórùn yìí?”

“Sípíríìtì ni, Màmá. Kò ṣeé mu. Ẹni tó bá mu ún, ojú ẹ̀ máa fọ́.”

“Kí ló wá ń ṣe nínú ilé mùsùlùmí?”

“Bàálù ló ń mu ún. Bàálù kì í kírun, Màmá.”

Òróró lárà ni wọ́n pò mọ́ sípíríìtì náà. Òun ni mò ń gbóòórùn lábẹ́ òórùn ọtí yẹn. Òróró tí à ń fún ọmọ mu kó lè yàgbẹ́. Mo ti rọ òróró lárà fún Mánsúrù rí, ó ń jà, ó ń tutọ́, mo rọ ọ́ tán, mo nu ẹnu rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn.

Rọ. Ọ̀rọ̀ tó lò láàárọ̀ nìyẹn. Kò ní kí n da epo sí i, kò ní kí n bu epo sí i. Ẹ rọ epo kún un. Ohun tí ẹnu rẹ̀ há là ń rọ nǹkan sí. Ìgò. Kẹ́ẹ̀gì. Àtùpà. À ń ki àrọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, à ń rọ ọ́. A sì ń rọ ọmọ. Ọ̀rọ̀ kan náà. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, n kò dúró wo ọ̀rọ̀ yìí rí kí n rí i pé ọ̀kan ni, pé ọmọ àti ìgò…

Kí ló burú níbẹ̀? Gbogbo wa la rọ ọmọ nígbà náà ní Ìgbòho, kò sẹ́ni tó pè é ní ìkà. Mánsúrù kọ ọmú. Ó kọ ẹ̀kọ. Ó rù débi pé àwọn obìnrin agboolé kì í béèrè rẹ̀ mọ́ tí wọ́n bá kí mi, wọ́n kàn ń wò mí ni. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó ń lọ ló ń lọ. Mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí itan, orí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbá ẹnu rẹ̀ mú, mo sọ ọwọ́ náà di àrọ, mo da ẹ̀kọ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Bó bá ti ọ̀fun pa, bó bá fi ẹ̀kọ sẹ́nu tí kò gbé e mì, èèyàn á fi ìka dí imú rẹ̀. Kì í pẹ́. Kì í pẹ́ rárá. Yóò fẹ́ mí èémí, kò sì ní rí ọ̀nà àtimí àfi kó gbé e mì. Ó gbé e mì. Ó ké, ó jà, ó gbé e mì, ó sì yè. Ó yè, ó dàgbà, ó lọ sí yunifásítì, ó ra bàálù.

Àwọn tó ní kí n fi í sílẹ̀ nígbà náà ńkọ́?

“Ìyá, ẹ jẹ́ kó jẹ ohun tó bá wù ú, nígbà tó bá wù ú. Bí kò bá wù ú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má fi ipá mú un.” Dókítà nìyẹn. Ọmọ tí mo lè bí ìyá rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ìyá. Ẹ fi sílẹ̀. Ara yìí kì í ṣe tiwa, a fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́ ni. Ẹni tó dẹ́kun oúnjẹ títí ẹ̀mí fi bọ́, kí ni wọ́n ó pè é lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀? Ìyá tó jókòó tì í ńkọ́, tó ní ògì lọ́wọ́, tó sì ń wò ó? Mo bi ìmáàmù léèrè. Ó ní, “Aláìsàn tí kò lè jẹun kò dẹ́ṣẹ̀, Ìyá.” Mi ò bi í nípa ẹni tí kò lè jẹ. Ẹni tí kò fẹ́ ni mo bi í.

Ó wo ilẹ̀. Ó ní òun á máa gbàdúrà fún wa.

Ó tó. Mo ti so gbogbo rẹ̀. Ọ̀fun ti wọ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo fi okùn wáyà fún un. Imú jáde sábẹ́ ikùn. Ẹnu jáde sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Mo ki táǹkì bọ inú ikùn bàálù, mo fi fóòmù há a kó má baà máa gbọ̀n. Báyìí ló ní kí n ṣe é. Mo gbé sìríńjì.

Sìríńjì méjì ló wà nílé yìí. Wọ́n jọra bí ìbejì, ńláńlá, láìní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Èyí tó ní téèpù pupa lára ni ti epo. Èkejì ni wọ́n fún wa lọ́sibítù, pé bí síbí bá nira, kí a máa fi tó oúnjẹ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Ramlah ló lẹ téèpù pupa náà lánàá, lẹ́yìn… lánàá. Bóyá ó bẹ̀rù pé mo lè ṣì í mú. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ní àwọ̀.

Bismillah.

Ó ń wọlé. Mo ń gbọ́ ọ nínú táǹkì, gọ́lọ́, gọ́lọ́. Atẹ́gùn ń jáde nímú rẹ̀, ó ń fẹ́ sí mi lọ́wọ́, ó tutù. Ó ń mí lóòótọ́. Ó dára. Máa mu ún. Ògì ò tíì tutù, máa mu ún kíá. Ó ń… nǹkan kan yọ sí imú rẹ̀. Epo ni. Ẹ̀kán epo kan. Ó ń ṣòfò, mi ò fẹ́ òfò, máa gbé e mì, máa gbé e… Kí ló dé tí sìríńjì fi le? Mo tì í. Kò lọ. Mo tẹra mọ́ ọn. Mo tún—

Ó ti tú. Ẹ́ńjìnnì ló gbà jáde. Ó tú sórí tábìlì, ó tú sí mi láṣọ, ẹ́ńjìnnì náà ń dà á sílẹ̀ níwájú bí ẹni tí oúnjẹ pá lórí. Pégì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Mo gbàgbé pégì. Mo fi ọ̀fun sílẹ̀ gbayawu, mo sì…

Àtàǹpàkò mi wà lórí imú rẹ̀.

Mo wò ó. Ó tẹ imú náà mọ́lẹ̀ gbọin, èékánná rẹ̀ ti funfun. Ta ló gbé e lọ síbẹ̀? Mi ò rán an. Mi ò rò ó. Ó sọ fún mi láàárọ̀, ó sọ ọ́ lẹ́yìn tó kó èémí jọ, ohun kan ṣoṣo tó fi ẹ̀bẹ̀ sí nìyẹn nínú gbogbo ohun tó sọ, ọwọ́ mi sì lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹṣin tó mọ ọ̀nà ilé.

Mi ò dí imú rẹ̀ lánàá. Mo ti sọ ọ́ fún Ramlah. Ikun wà níbẹ̀, mo fẹ́ nù ún ni.

“Màmá, ẹ dákun. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò.”

“Mò ń nu imú ọmọ mi ni.”

“Màmá.”

Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbé e kúrò jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbé ọwọ́ ọmọdé kúrò lára ààrò, ó sì lọ sí ilé ìdáná. Mo gbọ́ omi ẹ̀rọ tó ń dà, ó ń dà, láìsí àwo kankan tó ń fọ̀. Ògì ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu Mánsúrù lọ sínú etí. Ó ti dijú. Láàárọ̀ yìí, kí Ramlah tó lọ síbi iṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí mi bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kó sinmi lónìí.” Mo ní kó jẹun tán ná. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo rò pé orúnkún ń dùn ún.

Ikun wà níbẹ̀…

Kò sí ikun níbẹ̀. Ara rẹ̀ ti gbẹ. Kò sí omi kankan lára ọmọ yẹn tó lè di ikun.

Kí n nu tábìlì. Àkísà dà? Kí n nu tábìlì ná, kí n nu bàálù, kí n tún un ṣe. Ó lè gbọ́ òórùn epo, ó lè mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́. Mo fi etí ìborùn mi nù ún. Mo nu ìyẹ́ rẹ̀. Mo nu ẹ́ńjìnnì, mo nu irin ṣóńṣó tó wà níwájú rẹ̀, èyí tó yẹ kí fáànù wà lórí… Fáànù rẹ̀ dà?

Fáànù ló máa ń wà níwájú rẹ̀, igi pẹlẹbẹ tó ń yí. Mo ti rí i lára rẹ̀, ó máa ń fi ìka yí i nígbà tó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn náà ń bí mi nínú. Kò sí lábẹ́ tábìlì. Kò sí nínú páálí tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Àpótí rìmọ́ọ̀tù náà ò sí nínú páálí. Mo mọ àpótí náà, dúdú, ó ní eríàlì. Ta ló…

Surajudeen. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Surajudeen wá kí i, ó jáde pẹ̀lú ọ̀rá dúdú kan tó wúwo lọ́wọ́, eríàlì yọ jáde lẹ́nu rẹ̀. “Màmá, mò ń lọ o.” Kò wo ojú mi. Ó dúró sí géètì, ó ń fi apá àwọ̀lékè rẹ̀ nu ojú, mo rò pé eruku ni, wọ́n ń tún títì ṣe. Mo bi Ramlah pé kí ló gbé.

“Mánsúrù ló kó wọn fún un, Màmá. Fáànù, rìmọ́ọ̀tù, gbogbo ẹ̀. Ó ní kó máa lò ó.”

Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ pé ó yá a ni. Ìyẹn ni etí mi gbà. Ọ̀rọ̀ tí Ramlah sọ kọ́ nìyẹn.

Kò lè fò. Bàálù tó wà níwájú mi yìí kò ní fáànù, kò ní rìmọ́ọ̀tù, kò sì sí ẹni tó máa gbé e lọ sí pápá. Mánsúrù mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kó wọn fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ló wá fẹ́ fi epo ṣe?

Kí ló fẹ́ fi epo ṣe?

Mo dí ọ̀fun. Pégì wà lórí rẹ̀ báyìí, mo fà á wò, ó dúró. Mo fa epo sínú sìríńjì pupa. Mo gbé ọwọ́ òsì mi, mo fi sórí itan, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí mo ti lè máa rí i. Kó dúró síbẹ̀.

Kò ní yè. Níbo ni ìyẹn ti wá? Mi ò sọ ọ́. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sọ ọ́ lórí ìrun, àdúrà ìwòsàn ni mò ń ṣe láràárọ̀ lálaalẹ́, mo sì ń lọ ògì. Bó bá mu gbogbo abọ́ yìí, yóò bì í kí wọ́n tó pe ìrun Alásàrí. Mo mọ̀. Mo ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà, mo mọ̀. Mo sì ń lọ ògì.

Gọ́lọ́, gọ́lọ́. Ó ń wọlé.

Bóyá ó kàn fẹ́ kí n kúrò lórí òun fún wákàtí kan ni. Ó mọ̀ mí. Ó mọ̀ pé bí n kò bá ní ohun tí mo ń rọ, n kò ní lè jókòó. Ó wo gbogbo yàrá náà, gbogbo ohun tó kù fún un láyé, ó sì wá ohun tó ní ẹnu fún mi. Ohun tí mo lè rọ kún. Ohun tó lè kún.

Ó tilẹ̀ kọ́ mi. Ó kó gbogbo èémí tó ní lónìí jọ, ó ná an lórí rẹ̀. Ẹnu. Ọ̀fun. Imú. Bí èèyàn ló ṣe rí, Màmá. Èmi ń wo ojú ògì.

Atẹ́gùn ń jáde. Ó ń fẹ́ sí mi lọ́rùn ọwọ́, ó tutù, kò yára. Ẹ̀kán kan yọ, ó bẹ́. Ọwọ́ òsì mi gbéra lórí itan mi. Mo rí i. Mo wò ó títí ó fi padà. Mo ń tì í lọ, díẹ̀díẹ̀, kò le, kò bá mi jà. Ó ń gbà á nítorí pé ó ń mí.

Ó jáde. Epo tó mọ́ gaara gba imú rẹ̀ jáde, kì í ṣe ẹ̀kán, ó ń ṣàn tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dáwọ́ dúró. Kò sí ohun tó ṣòfò níbẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Tó bá ti yó, á sọ fún yín.

Mo yíjú sí fèrèsé.

Mo rí i láti inú nẹ́ẹ̀tì. Ó ti gbọ́ pé mo ṣe tán, ó mọ ìró náà jù mí lọ. Ó ti yí orí sí apá ẹnu ọ̀nà, níbi tí mo máa gbà wọlé. Ó dijú. Ó sì ti la ẹnu.

Ó là á sílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ètè rẹ̀ tó ti là, eyín rẹ̀, òkùnkùn inú rẹ̀. Ó ń dúró dè mí. Àdéhùn ni. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Mo ṣí àwo kúrò lórí abọ́. Ojú ògì ti dì, ó kákò yí etí abọ́ ká. Síbí wà nínú rẹ̀, ó dúró fúnra rẹ̀. Mo dì í mú.

Epo ń kán nímú bàálù. Ó ń kán, mi ò sì dí i.

Ó ti yó. Mánsúrù mi ti yó. Kì í ṣe pé ó kọ̀. Ó yó ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ ọ́ fún mi, ó fi ètè sọ ọ́, ó fi ojú sọ ọ́, ó fi èébì sọ ọ́, àfìgbà tó wá fi bàálù sọ ọ́.

Síbí wà lọ́wọ́ mi. Ẹnu rẹ̀ ṣì là sílẹ̀, ó ń dúró. Mi ò tíì dìde.